Òrùka Wúrà Màmá Oudine, Aya Colart Akọ̀wé (1421–1483)

Ìlú Rouen, lẹ́yìn ilé ìjọsìn ńlá, ni a ti bí ìyá wa ọ̀wọ́n, Olóògbé Oudine, ní ọdún 1421. Bàbá wọn ni Robinet, tó ń fi awọ ọmọ màlúù ṣe ojú ìwé. Ìyá wọn ni Jacquette, tó ń pọn ọtí ápù.

Màmá kò jókòó nílé ìwé. Àlùfáà àdúgbò ló kọ́ wọn ní lẹ́tà, Màmá Perrette, àgbà oníṣẹ́ wúrà ládùúgbò, sì kọ́ wọn láti fi wúrà ṣe ìwé àdúrà lọ́ṣọ̀ọ́. Iṣẹ́ náà kọjá ọwọ́ nìkan: wúrà tí a lù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kì í lẹ̀ àfi kí èèyàn mí èémí gbígbóná sí ẹfun àti gọ́ọ̀mù tó wà lábẹ́ rẹ̀. Èémí Màmá wà nínú ìwé tó lé ní igba.

Ní 1443, wọ́n di aya bàbá wa, Colart, akọ̀wé tí ọwọ́ rẹ̀ tọ́ ṣùgbọ́n tí kò ní sùúrù. Lọ́jọ́ kan, bàbá kánjú kun aṣọ Màríà Mímọ́ inú àwòrán ní aró kí a tó fi wúrà sí i, bẹ́ẹ̀ wúrà ló yẹ kó ṣáájú, ni wúrà bá lẹ̀ mọ́ aró káàkiri. Bàbá káwọ́ lérí. Màmá ní, “Ẹ jókòó jẹ́ẹ́, ọkọ mi. Ìràwọ̀ nìyẹn. Ta ló ní kí Ọbabìnrin ọ̀run má ṣoge?” Ẹni tó ni ìwé náà dúpẹ́ títí.

Ní 1474, Thomasse, àkọ́bí wọn, kú lórí ìkúnlẹ̀. Ìwé ìtàn Màgírẹ́ẹ̀tì Mímọ́, alágbàwí àwọn aboyún, la máa ń gbé lé ikùn ẹni tó ń rọbí, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, kò sí ẹyọ kan nílé wa; gbogbo èyí tí Màmá ṣe ti lọ sílé oníǹkan. Ó dùn wọ́n wọ egungun.

Nígbà tí Sedile, àbíkẹ́yìn, lóyún lọ́dún yìí, Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú ìwé náà fún un. Àmọ́ ikọ́ ti dé. Ó ku òrùka wúrà tó yí orí Màgírẹ́ẹ̀tì Mímọ́ ká. Màmá mí sí i lẹ́ẹ̀mẹta, wúrà já bọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n pe Sedile.

“Wá mí sí i. Èémí tèmi ò tó mọ́.”

“Màámi, mi ò mọ̀ ọ́n ṣe o.”

“Ṣé èmi kọ́ ni mo bí ọ ni? Ṣáà mí!”

Wúrà lẹ̀. Ó wọ́ díẹ̀ lápá òsì, Màmá sì ní ká má fọwọ́ kàn án.

Màmá gba òróró ìkẹyìn lọ́wọ́ àlùfáà, wọ́n sì dágbére fáyé ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kọkànlá. Ẹgbẹ́ Jòhánù Mímọ́ ti àwọn oníṣẹ́ ìwé, tí wọ́n fi ọgbọ̀n ọdún sìn, ló gbé pósí wọn lónìí.

Wọ́n fi bàbá wa Colart sáyé lọ, pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn, Jehannin àti Sedile, ọmọ-ọmọ mẹ́rin, àti ẹ̀karùn-ún tí Sedile bí láàárọ̀ àná, pẹ̀lú ìwé náà lórí ikùn rẹ̀. Oudine la sọ ọ́.

Ẹ sùn re, Màmá. Ọmọ náà ń mí.