Wọ́n Fi Etí Dájọ́ Àwòrán: Ẹ̀sùn Lórí Ìdíje Àwẹ̀ró Ọlọ́kadà

Agboolé Ọ̀jẹ̀túndé,
Ẹ̀yìn Ọjà,
Ìsẹ́yìn,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹfà, ọdún 2025.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Ìdíje Iṣẹ́ Ọnà fún Àwọn Ọ̀dọ́ Òkè-Ògùn,
Ṣakí,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ẸBẸ̀ PÉ KÍ Ẹ DÁ ÌDÁJỌ́ ÀKỌ́KỌ́ PADÀ KÍ ÌWÉ KEJE TÓ WỌ ILÉ ÌTẸ̀WÉ

Èmi Ràmọ́nì Ọ̀jẹ̀túndé, ahunṣọ òfì, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, ni mo ní kí wọ́n kọ ìwé yìí sí yín. N kò lọ sí ilé-ìwé. Nọ́ọ̀sì Mọ́ládé, aládùúgbò mi tó ti fẹ̀yìn tì, ló ń kọ ohun tí mo ń sọ. Ó fẹ́ fi "pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ńlá" sí ibi mẹ́ta, mo gbà fún un ní ibì kan. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ńlá, ohun tí akọ̀wé yín ṣe kò dára.

Tíṣà ni ìyàwó mi, Àdìjátù. Nígbà tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí ya ìtàn aláwòrán kan: ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró, tó ń fi ọ̀kadà jẹ́ iṣẹ́ fún àwọn èèyàn láti Ìsẹ́yìn dé Òkèhò, dé Ìgànná. Ìwé mẹ́fà ló yà parí. Ṣọ́ọ̀bù fọtokọ́pì ni wọ́n ti ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀, àwọn ọmọ sì ń yá a lọ́wọ́ ara wọn títí tí yóò fi fàya. Nígbà tó yá, àwọn ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí ya Àwẹ̀ró tiwọn sínú ìwé ilé-ìwé wọn, wọ́n ń kó o wá sílé wa kí ó lè bá wọn wò ó. Ibẹ̀ ni ìdíje yìí ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn, ní ẹ̀yìnkùlé mi, lábẹ́ igi máńgòrò. Kò bẹ̀rẹ̀ ní ọ́fíìsì yín.

Ó yẹ kí ẹ mọ bí obìnrin náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Bó bá ti ya ojú ìwé kan tán, kó tó kọ ọ̀rọ̀ kankan sí i, á gbé e wá bá mi nídìí òfì. Á ní kí n dáwọ́ dúró, kí n sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀. Ibi tí mo bá ti kọsẹ̀, tí mo fi ìka tọ́ka pé èyí kò yé mi, kì í bá mi jiyàn. Á padà lọ tún un yà. Ó máa ń sọ pé àwòrán tó bá ń dúró de ọ̀rọ̀ kó tó lè rìn, kò tíì ní ẹsẹ̀.

Ìdí nìyẹn tó fi gbé òfin kẹrin kalẹ̀ fún ìdíje: ẹni tí kò mọ̀wé kà ni yóò jẹ́ olórí adájọ́. Wọn yóò fi pépà bo ọ̀rọ̀ inú ìwé kọ̀ọ̀kan. Bí adájọ́ bá lè ti ojú àwòrán nìkan sọ ìtàn náà, ọmọ tó yà á yege. Lọ́dún yìí, ìgbìmọ̀ yín ní ẹ fẹ́ bá wa gbé ìdíje náà ga. Ẹ fún wa ní gbọ̀ngàn, ẹ ṣèlérí ilé ìtẹ̀wé, akọ̀wé yín, Ọ̀gbẹ́ni Gbọ́láhàn, sì buwọ́ lu gbogbo òfin wa, títí kan ìkẹrin. N kò lè kà á, ṣùgbọ́n mo mọ ibi tó wà lórí ìwé náà. Aró ti kán sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ìdíje ọdún yìí wúwo ju àwọn tó kọjá lọ. Ìyàwó mi kú ní ọdún méjì sẹ́yìn, ìwé keje kò sì tíì parí. Nínú rẹ̀, Àwẹ̀ró dé oríta Òkèhò, ó dá ọ̀kadà dúró, ojú ìwé tó tẹ̀ lé e sì ṣófo. Ohun tó sọ kó tó lọ ni pé kí àwọn ọmọ ya ẹnì kan tí yóò bá Àwẹ̀ró rìn láti oríta náà, kí wọ́n fi ìtàn ojú ìwé mẹ́fà gbé e jáde, kí ẹni tó bá borí sì parí ìwé náà. Ọmọ mọ́kànlélógójì ló mú iṣẹ́ wá. N kò ní máa ṣàlàyé fún yín bó ti rí fún èmi olórí adájọ́ láti jókòó sídìí àwòrán wọn láìsí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo jókòó, mo ṣe é.

Sodiqat, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tí àwọn òbí rẹ̀ ń yan gàrí ní Ìgànná, ló borí. Ẹni tó yà ni ìyá arúgbó kan tó jókòó sẹ́yìn Àwẹ̀ró lórí ọ̀kadà, ṣùgbọ́n tó kọjú sẹ́yìn. Àwẹ̀ró ń wo ibi tí wọ́n ń lọ, ìyá ń wo ibi tí wọ́n ti ń bọ̀. Ní ojú ìwé kìn-ín-ní, bàtà ọkùnrin àti bàtà obìnrin wà lẹ́nu ọ̀nà ilé kan. Ní ojú ìwé kẹta, wọ́n tún gba ibẹ̀ kọjá. Àwẹ̀ró kò wo ẹ̀gbẹ́, ṣùgbọ́n ìyá rí i pé bàtà ọkùnrin nìkan ló kù. Ó fọwọ́ kan Àwẹ̀ró lẹ́yìn. Àwẹ̀ró yí orí ọ̀kadà padà, ó pa ẹ́ńjìnnì, àwọn méjèèjì sì ń fi ọwọ́ tì í kọjá níwájú ilé náà, kí ariwo má baà yọ ẹni tó wà nínú ilé lẹ́nu. Kò sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo níbẹ̀. Mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin níwájú gbogbo èèyàn, n kò kọsẹ̀. Àwọn adájọ́ méjì yòókù, tí wọ́n mọ̀wé dáadáa, fọwọ́ sí i.

Ní ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn ìdíje, Ọ̀gbẹ́ni Gbọ́láhàn kó gbogbo ìwé àwọn ọmọ náà, pẹ̀lú ìwé keje, lọ sí Ṣakí. Ó ní kò bójú mu kí ìgbìmọ̀ gbé èsì tí aláìmọ̀wé dá jáde. Ó yan adájọ́ tuntun mẹ́ta. Èmi náà wọ mọ́tò lọ, mo fẹ́ fi ojú ara mi rí i. Wọ́n jókòó sórí pèpéle, ẹnì kan dúró sídìí gbohùngbohùn, ó ń ka ọ̀rọ̀ inú ìwé kọ̀ọ̀kan sí wọn létí, wọ́n sì ń fún un ní máàkì. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ṣí ìwé wò. Nígbà tó kan ti Sodiqat, ẹni tó ń kà ṣí i síwájú, ó ṣí i sẹ́yìn, ó ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Wọ́n fún un ní òdo. Ọmọ náà àti ìyá rẹ̀ wà ní ìlà kejì, wọ́n gbọ́ ọ.

Mo bèèrè ìdí. Akọ̀wé yín fi ìwé ránṣẹ́, ó ka ìdí mẹ́ta. Èkínní, pé ọ̀rọ̀ kò sí níbẹ̀. Mo ti dáhùn ìyẹn. Èkejì, pé ìyá arúgbó náà kọjú sẹ́yìn lórí ọ̀kadà, kò sì dé akoto, pé yóò kọ́ àwọn ọmọdé ní ìwàkuwà lójú títì. Ẹ̀yin Ọ̀gá, lójú ọ̀nà Ìgànná, mo ti rí ọ̀kadà kan tó gbé ọkùnrin mẹ́ta, ewúrẹ́ méjì àti ìlẹ̀kùn ilé. N kò gbọ́ pé àwòrán ló kọ́ wọn.

Ẹ̀kẹta ló bí mi nínú jù. Ó kọ ọ́ pé ọ̀fọ̀ ló ń dà mí láàmú, pé nítorí bàtà yẹn ni mo ṣe gbè sẹ́yìn ọmọ náà. Sodiqat kò rí mi rí kó tó di ọjọ́ ìdíje. Kò mọ̀ bóyá mo níyàwó tàbí n kò ní. Bí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá bá lè ya bàtà kí ẹni tó ń wò ó sì mọ̀ pé èèyàn ti kú nínú ilé náà, irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìdíje yìí ń wá. Ọ̀fọ̀ mi kọ́ ló ya àwòrán náà.

N kò bá Isaac jà, ọmọ tí wọ́n gbé sí ipò kìn-ín-ní. Yorùbá rẹ̀ dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo èèyàn inú ìwé rẹ̀ dúró gbagidi bí ẹni tó ń ya fọ́tò páásípọ́ọ̀tù. Mo wo ojú ìwé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ohun kan ṣoṣo tí mo rí ni ọkùnrin kan tó wọ agbádá. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ wá kí mi lẹ́yìn ìpàdé, ó ní kí n má bínú, òun mọ̀ pé tòun kò rìn. Ó gbọ́n ju àwọn tó fún un ní ẹ̀bùn lọ.

Ohun tí mo ń tọrọ kò pọ̀. Ilé ìtẹ̀wé yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọgbọ̀njọ́ oṣù yìí. Kí ọjọ́ náà tó pé, ẹ dá ìdájọ́ àkọ́kọ́ padà, kí Sodiqat lè parí ìwé keje. Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ gbé ìwé tirẹ̀ àti ti Isaac, ẹ fi pépà bo ọ̀rọ̀ inú wọn, ẹ lọ sí ibùdókọ̀ Ṣakí, kí ẹ pe ẹni mẹ́ta tí kò mọ̀wé, tí kò sì mọ̀ mí. Ẹ ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí. Bí wọn kò bá lè sọ ti Sodiqat, ẹ tẹ ọkùnrin tó wọ agbádá, ẹ kò ní gbóhùn mi mọ́.

Bí ẹ bá sì kọ̀, ẹ yọ orúkọ Àdìjátù kúrò lára ìdíje yín, kí ẹ dá ìwé keje padà fún mi pẹ̀lú ojú ìwé rẹ̀ tó ṣófo. Ó sàn kí Àwẹ̀ró wà ní oríta Òkèhò títí ayé ju kí ẹ fún un ní ẹni tí kò lè gun ọ̀kadà.

Wọ́n sọ fún mi pé olùfisùn gbọ́dọ̀ buwọ́ lu ìwé rẹ̀. Ìka ni mo ní láti fi tẹ̀ ẹ́. Ìka yìí náà ni mo fi ń tọ́ka sí ibi tí kò yé mi nínú iṣẹ́ ìyàwó mi. Kò sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé aláìmọ̀wé ni mí. Á mú pẹ́ńsù rẹ̀, á lọ tún un yà. Iṣẹ́ tiyín ni mo ń tọ́ka sí báyìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ tún un ṣe.

Ẹ ṣeun tí ẹ gbọ́ mi dé ibí.

Èmi ni tiyín, tí ń retí àtúnṣe,

(Ìtẹ̀ka)
Ràmọ́nì Ọ̀jẹ̀túndé,
Olórí Adájọ́, Ìdíje Àwẹ̀ró Ọlọ́kadà.