Máníjà Tí Mo Gbé Ìwé Eré Mi Lé Lọ́wọ́

                                        Ilé Alhaji Rauf,
                                        Lẹ́yìn Mọ́sálásí,
                                        Oju Ore, Ọ̀tà.
                                        Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹsàn-án, 2025.

Afeezat, ọmọ ìyá mi tí ìyá kan ò bí wa pọ̀,

Àlàáfíà kó máa bá ẹ gbé níbẹ̀. Ṣé dáadáa lo wà? Bàbá Rodiat ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti fi í lọ́rùn sílẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ti wọlé síléèwé? Màmá ńkọ́? Ọlọ́run á bá wa dá wọn sí. Ara tèmi le, a dúpẹ́, àwọn ará ilé náà wà. Inú mi nìkan ni ò dáa. Tí o bá rí i pé lẹ́tà mi wọ́, má dá báírò lẹ́bi, ìbínú ló wọ́ ọ. Waliyullah àbúrò ọkọ ẹ ni mo fi ìwé yìí rán, torí mi ò fẹ́ tẹ ọ̀rọ̀ yìí sórí fóònù. Èmi àti fóònù ò tíì parí ìjà.

O mọ̀ pé mo kọ ìwé eré kan, ti Àmọ̀dá tí ẹ̀rọ gé ìka ọwọ́ ẹ̀ níléeṣẹ́ ike, tí ìyàwó ẹ̀ wá fi odindi ọdún kan purọ́ fún ìyá ọkọ kí obìnrin yẹn má baà mọ̀. Inú bọ́ọ̀sì iléeṣẹ́ wa ni mo ti tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù, láàárọ̀ ní ìjókòó, nírọ̀lẹ́ ní ìdúró. Nígbà tí mo parí ẹ̀, Ìníolúwa tá a jọ ń di bisikíìtì sínú páálí sọ fún mi pé òǹkọ̀wé tí ò ní máníjà, ẹnu ọ̀nà ló máa dàgbà sí. Ó ní máníjà ló máa ń ka iṣẹ́ ẹni, tó máa sọ ibi tó kù sí, tó sì máa gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe fíìmù. Ó bá mú mi lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Dúrójaiyé, tó ní ọ́fíìsì lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Sango. Fọ́tò òṣèré kún ara ògiri, òun náà wà láàárín wọn, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni pé òun ló bí gbogbo wọn. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ìwé ló ní kí n fọwọ́ sí, pé fún ọdún kan mi ò gbọ́dọ̀ gbé eré náà fún ẹlòmíì. Oṣù kẹrin nìyẹn. Mo fọwọ́ sí i, mo sì fi eré náà ránṣẹ́ láti orí fóònù mi.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tó pè mí. Ó ní òun ti kà á tán, omi bọ́ lójú òun níbi ìparí ẹ̀. Afeezat, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé páálí bisikíìtì jó! Ó wá ní, "Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn inú ẹ̀ ti pọ̀ jù, Toyibat. Ààrin ẹ̀ náà ń fà." Mo dín wọn kù. Lẹ́yìn oṣù kan, ó tún pè, ó ní àwọn mẹ́ta tó ń ṣe fíìmù ti kà á, ohun kan náà làwọn náà sọ. Mo tún dín wọn kù. Ìyá Àmọ̀dá ni mo yọ kẹ́yìn. Ìyá Àmọ̀dá, ẹni tí gbogbo irọ́ yẹn tìtorí ẹ̀ wáyé! Mo ń sunkún, mo ń pa á rẹ́, orí èyí àkọ́kọ́ náà ni mo sì ń tún un ṣe sí, mi ò tọ́jú òmíì pamọ́. Nígbà tí mo ṣe é tán, mo fi tuntun yẹn náà ránṣẹ́ sí i. Ó ní, "Ẹn-ẹ́n! Ìwé eré dé wàyí!"

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, ó mú mi lọ sí Ikẹjà, sọ́dọ̀ Màdáámù Ṣèyítán, obìnrin kan tó ń fowó ara ẹ̀ ṣe fíìmù. Mo fi iṣẹ́ ọjọ́ yẹn sílẹ̀, mo wọ léèsì tí mo wọ̀ níjọ́ ìsọmọlórúkọ Rodiat. Màdáámù ní òun ò tíì ráyè ka ohun tí máníjà fi ránṣẹ́, ká jọ wò ó. Ó ṣí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè:

"Ìpàdé bẹ̀rẹ̀ ní agogo mẹ́rin ààbọ̀. Alhaja Naimat ṣe àdúrà ìbẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ béèrè ẹni tó yá ìkòkò ńlá tí kò dá ọmọrí ẹ̀ padà."

Ilẹ̀ ò lanu fún mi. Àkọsílẹ̀ ìpàdé àsálátù wa ni! Ṣebí èmi ni akọ̀wé wọn, orí fóònù kan náà ni mo ń kọ ọ́ sí. Ọwọ́ mi ló ṣì láti oṣù kẹrin, òun ni mo fi ránṣẹ́ dípò eré, mo gbà.

Màdáámù wo máníjà. "Ọ̀gbẹ́ni Dúrójaiyé, ibo lèyí wà nínú eré?"

Ọkùnrin yẹn ò tiẹ̀ ṣẹ́jú. "Ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ nìyẹn, mà. Àrà tuntun ló fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní sùúrù, ó máa tó gbóná."

Màdáámù yí i lọ sísàlẹ̀. "Ojú ewé kẹsàn-án rè é, wọ́n ṣì ń wá ọmọrí ìkòkò."

"Ohun tó ń mú òǹwòran dúró nìyẹn, mà."

Mo dìde. Mo ní, "Ọ̀gá, ibo gan-an lomi ti bọ́ lójú yín? Ṣé ibi tí wọ́n ti yan ẹni tó máa fọ ẹní ni, àbí ibi tí Alhaja ti ní ká túká?" Màdáámù rẹ́rìn-ín títí tó fi yọ gíláàsì ojú ẹ̀. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Tuntun tí mo fi ránṣẹ́ wà lórí fóònù ọkùnrin yẹn o! Kò ṣí ìyẹn, kò ṣí èyí, èyí tọ́wọ́ ẹ̀ kọ́kọ́ bà ló gbé fún obìnrin náà.

A ò tíì dé títì tó ti kọjú sí mi: "Ìwọ lo fi ìsọkúsọ ránṣẹ́, o tún ń dójú tì mí!"

Mo ní òótọ́ ni, ọwọ́ mi ṣì. Ẹnu yín ńkọ́, ṣé òun náà ṣì ni? Àwọn mẹ́ta tó ní ààrin ẹ̀ ń fà, ẹ pè wọ́n fún mi nísinsìnyí. Ó ní òun ti gbàgbé orúkọ wọn. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ máa bá a. Tiẹ̀ ò lo oṣù mẹ́fà. Ó wá fi ìwé tí mo fọwọ́ sí halẹ̀ mọ́ mi, pé òun ló ṣì ni mí títí di oṣù kẹrin ọdún tó ń bọ̀. Mo ní kò burú, màá ka ojú ewé kẹsàn-án sí etígbọ̀ọ́ gbogbo òǹkọ̀wé tó wà lórí wọ́sáàpù wa, màá sì sọ orúkọ ẹni tó sunkún. Orí mọ́tò ẹni ẹlẹ́ni ló ti kọ ìwé pé òun ti yọ̀ǹda mi.

O rò pé mo borí, àbí? Gbọ́ ibi tó ti ń dùn mí. Bá a ṣe ń jáde, Màdáámù fà mí sẹ́yìn, ó ní kí n fúnra mi mú eré gidi wá kóṣù yìí tó parí. Èwo ni gidi, Afeezat? Mo ka èyí tó wà lọ́wọ́ mi nínú bọ́ọ̀sì, ó ti kú. Kò síyàá, ta ni wọ́n wá ń purọ́ fún? Wọ́n kàn ń sá kiri nínú ilé bí ẹni tẹ́nikẹ́ni ò lé. Ọ̀rọ̀ ẹni tí ò kà á ni mo tẹ̀ lé tí mo fi gé ọmọ mi lọ́rùn!

Ìwé ẹ́sáìsì mẹ́rin tí mo kọ́kọ́ fọwọ́ kọ ọ́ sí ló kù, àwọn tí o kó lọ nígbà tẹ́ ẹ ń kúrò ní Itele, tó o ní wàá máa kà. Jọ̀ọ́, wo inú àpótí, wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wo báàgì àwọn ọmọ. Tí o bá ti fi wọ́n di ẹ̀pà, tètè sọ fún mi, kí n mọ ohun tí mò ń sunkún lé lórí. Tí wọ́n bá wà, kó wọn fún Waliyullah, ọjọ́ Àìkú ló ń padà bọ̀.

Bá mi kí Bàbá Rodiat, bá mi kúnlẹ̀ kí Màmá, fẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu fún mi. Ìníolúwa ní kí n kí ẹ; ojú ń tì í, mo sì jẹ́ kó máa tì í.

Ohun kan ló kù. Kí àwọn ìwé yẹn tó kúrò nílé ẹ, bá mi kà wọ́n. Má yìn mí. Ibi tó bá ti sú ẹ, kọ nọ́ńbà ojú ewé ẹ̀ síbẹ̀, kí n mọ̀ pé ẹnì kan débẹ̀.

Èmi ẹni ẹ tínú ń bí,

Toyibat