Kíbọ́ọ̀dù Tí Kò Gbọ́ Tèmi

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Mo gbàgbọ́ pé ara rẹ le, iṣẹ́ sì ń lọ déédéé. Àwa náà wà láàyè, a dúpẹ́. Má fi ìwé ọwọ́ mi yìí ṣe ẹ̀rín o. Láti àárọ̀ ni ara mi kò ti balẹ̀; mo jókòó, mo dìde.

O mọ̀ pé ilé ẹ̀kọ́ kan lókèèrè ní kí n wá máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní táìpù fún ọdún méjì. Aago méjìlá ọ̀sán òní ni èsì mi gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn. Mo bi bàbá rẹ títí, “Bó bá ṣe wù ọ́” nìkan ló ń sọ. Èwo ni bó bá ṣe wù mí? Inú bí mi, mo ní n kò lọ mọ́.

Ni mo bá gbé kíbọ́ọ̀dù aláìlówáyà tí o rà fún mi jáde. O mọ ìwà àwa onítáìpù àtijọ́: ojú wa kì í kúrò lára ìwé tí a ń dà kọ. Mo tẹ gbogbo lẹ́tà tí mo ti fọwọ́ kọ sílẹ̀, pé n kò ní lè wá. Mo gbójú sókè, kò sí nǹkan kan lójú kọ̀ǹpútà!

Háà! Mo pààrọ̀ bátìrì. Mo pa á, mo tún tàn án. Mo tẹ bọ́tìnnì kékeré abẹ́ rẹ̀ títí èékánná fi ń dùn mí. Iná rẹ̀ ń tàn, kọ̀ǹpútà ní òun kò rí i. Aago mọ́kànlá ti kọjá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ohun tó bá ṣáà ti wá sí mi lọ́kàn: “Jọ̀ọ́, ṣiṣẹ́. Mo fẹ́ lọ. Ó wù mí gan-an. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń tẹ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò máa bá ọkọ mi jẹun?”

Bàbá rẹ yọ sẹ́nu ọ̀nà, ó mú awò ojú rẹ̀ dání. Ó ní, “Onítáìpù, ìwé ìpàdé àdúgbò ni mo ń tẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà mi ní yàrá, ọ̀rọ̀ rẹ ló ń já sáàárín rẹ̀.” Ìwọ lo fà á, ọ̀gá kọ̀ǹpútà! Ara kọ̀ǹpútà bàbá rẹ lo ti dán kíbọ́ọ̀dù náà wò kí o tó lọ, ibẹ̀ náà ló ṣì so mọ́.

Ojú tì mí, ó dà bíi kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì. Ó ní òun kò lè sọ pé kí n lọ, kí n má baà rò pé òun ń lé mi. Òun kò sì fẹ́ dí mi lọ́wọ́. Ó fà mí lọ sídìí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Mo tẹ èsì ránṣẹ́ pé mò ń bọ̀. Aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́rin ló lọ.

Láti ìgbà náà ni bàbá rẹ ti wà ní ilé ìdáná, tó ń fọ abọ́ tó ti mọ́. Ó ṣí omi ẹ̀rọ sílẹ̀ kí n má baà gbọ́ ẹkún rẹ̀. Mo ń gbọ́ ọ. N kò mọ̀ bóyá kí n wọlé tọ̀ ọ́.

Ọlọ́run kò ní dí ọ̀nà rẹ. Wàá bá ẹni tí yóò gbọ́ ẹ yé pàdé, láṣẹ Èdùmàrè.

Èmi ni ìyá rẹ, tí kò rójú jókòó.

Àfikún: Mo ti wọlé tọ bàbá rẹ lọ. Mo ní ká tú kíbọ́ọ̀dù náà kúrò lára kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní kí n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ọjọ́ tí n ó lọ. Ohun tí ẹnu mi kò bá lè sọ, kí n máa tẹ̀ ẹ́ sí òun.