Ibi Tí Àtàǹpàkò Wà Tẹ́lẹ̀

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Tẹ́lẹ̀, bí mo bá kọ ọ́ báyìí, ẹnu lásán ni, n ó ti bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn kí o tó dáhùn. Lónìí, mo kọ ọ́ tán, mo gbé bíírò sílẹ̀, mo sì ń wo ojú ọ̀nà. Ọlọ́run tó mú ọ fi ẹsẹ̀ méjèèjì jáde nílé yìí kò ní jẹ́ kí ọ̀kan ṣìnà nínú wọn. Ìlú ńlá kò ní gbé ọ mì. Bàbá rẹ ti ṣe àmín láti ìta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ ohun tí mò ń kọ.

Ilé wà bó o ṣe fi í sílẹ̀. Orókún bàbá rẹ ṣì ń bá òjò ṣọ̀rẹ́, bó bá ti fẹ́ rọ̀, orókún yẹn ló ń kọ́kọ́ gbọ́. Òrùlé ṣọ́ọ̀bù ń jò lápá ibi tí mo ń kó aṣọ oníbàárà sí, mo sì ti sún máṣíìnì mọ́ fèrèsé. Ewúrẹ́ aládùúgbò jẹ ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan, oníṣòkòtò wá ní òun kò bínú, ó ti gùn jù tẹ́lẹ̀. Ìyẹn nìkan ló tíì pa mí lẹ́rìn-ín láti ìgbà tí wọ́n ti tún Ojúde ṣe.

O mọ̀ pé láti ọjọ́ tí fóònù rẹ ti já sómi, inú Ojúde Aránṣọ tó wà lórí fóònù yẹn nìkan la ti ń ríra, èmi níhìn-ín, ìwọ lórí kọ̀ǹpútà ọ̀gá yín. Bí mo bá rán nǹkan tán, n ó fi fọ́tò rẹ̀ síbẹ̀, àwọn aránṣọ á sọ tẹnu wọn, ìwọ á sì tẹ àwòrán àtàǹpàkò, àmì pé ó dára, sí i láàárọ̀ kí o tó jókòó ti iṣẹ́. N kò béèrè ju àtàǹpàkò yẹn lọ. Bí mo bá ti rí i, mo mọ̀ pé o jí.

Ni àwọn tó ni Ojúde bá kéde pé àwọn ti tún un kọ́, pé tuntun yìí yóò yá, yóò sì rọrùn. Mo gbà wọ́n gbọ́. Mo fọ ọwọ́, mo jókòó, mo ṣí i. Ojú fóònù funfun báláú, òbìrípo kékeré kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Mo kí i pé ẹ kú iṣẹ́, nítorí ẹni tó bá ń sáré báyẹn, kò lè jẹ́ eré ló ń ṣe. Mo gé ṣòkòtò kan, mo rán an pọ̀, ó ṣì ń yí. Fóònù gbóná bí áyọ́ọ̀nù, díẹ̀ ló kù kí n fi lọ kọ́là ẹ̀wù. Ẹni tó ń tún fóònù ṣe lẹ́bàá ọ̀nà, tí gbogbo wa ń pè ní Dókítà, ní kí n ní sùúrù, pé ilé tuntun ni, ẹrù pọ̀ nínú rẹ̀, èrò sì rọ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní ṣé ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe síbẹ̀ ni? Ó ní ó jọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó ṣí, ó ní kí n fi hàn pé ènìyàn ni mí, pé n kì í ṣe ẹ̀rọ. Àpótí kékeré kan wà níbẹ̀, wọ́n ní kí n fi àmì sí i. Mo fi àmì sí i. Kò gbà mí gbọ́. Ó kó fọ́tò jáde, ó ní kí n mú ibi tí afárá wà. Mo pe bàbá rẹ, nítorí òun ló bá wọn da kọnkéré afárá rí. Ó wo ọ̀kan, ó ní ìyẹn kì í ṣe afárá, gọ́tà tí wọ́n fi nǹkan bò ni. Ẹ̀rọ ní afárá ni. Wọ́n ń bá ara wọn jiyàn lọ títí ojú fóònù fi yí padà, tó kọ ọ́ gàdàgbà pé: Àkókò rẹ ti tán. Bàbá rẹ ṣí fìlà. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá gbé fóònù mi sítòsí rẹ̀, á rọra sún ìjókòó rẹ̀.

Wọ́n tún ní kí n yan ọ̀rọ̀ àṣírí tuntun. Mo kọ orúkọ tí mo fi ń rẹ̀ ọ́ nígbà tó o wà lọ́mọ ọwọ́. Wọ́n ní kò lágbára. Orúkọ tó ń pa ẹkún mọ́ ọ lẹ́nu! Dókítà ní kí n fi nọ́ńbà àti àmì ìyanu bọ̀ ọ́ nínú. Wọ́n gbà á, ṣùgbọ́n orúkọ náà kò jọ tìrẹ mọ́.

Inú ibẹ̀ gan-an ni àyà mi ti wá já. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ rí bí eérú lórí aṣọ funfun, ẹni tó yan àwọ̀ yẹn kò tú òwú funfun lára aṣọ funfun rí. Kò sí fọ́tò ẹnikẹ́ni mọ́. Gbogbo wa ti di orí aláwọ̀ eérú tí kò lójú, tí kò lẹ́nu, a tò lọ rẹrẹẹrẹ. Mo ń wá ọ láàárín wọn. Mo rí orúkọ rẹ lábẹ́ aṣọ nọ́ọ̀sì tó o rán, ara mi rọlẹ̀, mo sì tẹ àtàǹpàkò fún ọ lápá ọ̀tún nísàlẹ̀, níbi tí ọwọ́ mi mọ̀. N kò wo ibẹ̀. Aránṣọ wo ló ń bẹ̀rẹ̀ wo ẹsẹ̀ máṣíìnì kó tó tẹ̀ ẹ́? Àṣé wọ́n ti gbé àtàǹpàkò kúrò, wọ́n sì ti fi bọ́tìnì tí wọ́n fi ń fẹjọ́ ènìyàn sùn sípò rẹ̀. Ohun tí mo rí ni: A dúpẹ́. A ti gba ẹ̀sùn rẹ. A ó gbé ìgbésẹ̀ tó yẹ lórí ẹni yìí.

Ẹ̀sùn! Èmi tí mo bí ọ! Mo tún tẹ̀ ẹ́ kí n lè gbà á padà, wọ́n tún ní a dúpẹ́. Mo ń tẹ̀ ẹ́, wọ́n ń dúpẹ́. Lọ́jọ́ kejì, orúkọ rẹ kò sí níbẹ̀ mọ́. Mo wá a, òbìrípo yí, ó yí, ó wá ní: Kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé gbé mì, kò ṣeé tu dànù. Mo bi Dókítà pé irú ìgbésẹ̀ wo ni wọ́n máa ń gbé. Ó ní bóyá wọ́n kàn fi orúkọ rẹ pa mọ́ ná ni. Mo ní kí wọ́n tó lè fi èèyàn pa mọ́, ṣé wọn kì í kọ́kọ́ mú un ni? Ó bú sẹ́rìn-ín. Kò tíì bímọ.

Láàárọ̀ àná, ìyá oníbọ́tìnì òdìkejì odò, tá a jọ wà nínú Ojúde, sọ̀ kalẹ̀ lórí alùpùpù níwájú ṣọ́ọ̀bù mi tẹkúntẹkún. Mo wà nídìí máṣíìnì, píìnì wà lẹ́nu mi. Ó rí mi, ó ké yèè, ó fẹ́ padà sórí alùpùpù. Ó ní òun wá mi nínú Ojúde, wọ́n ní kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, lòun ṣe wá kí bàbá rẹ kú ara fẹ́ra kù. Ó fọwọ́ tẹ apá mi bí ẹni ń yẹ aṣọ wò lọ́jà, ó ní mo ṣì gbóná. Ó wá wolẹ̀, ó ní kí n má bínú, pé òun tẹ àtàǹpàkò sábẹ́ síkẹ́ẹ̀tì tí mo rán, níbi tó máa ń wà, wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ òun. Àṣé òun ló fi mí sùn! Ó rọra bi mí bóyá ẹnikẹ́ni ti wá mú mi. Mo ní kò tíì sí, àfi òun.

Ìyẹn ló jẹ́ kí oúnjẹ gba ọ̀nà ọ̀fun mi kọjá lánàá. Wọ́n fi èmi náà sùn, wọ́n ní n kò sí, síbẹ̀ mo wà. Ṣùgbọ́n nígbà tó lọ tán, ẹ̀rù náà padà wọlé, ó jókòó. Èmi, ẹnì kan gun alùpùpù wá fọwọ́ kàn mí. Ìwọ ńkọ́? Ní yàrá tó o ní ẹ ti ń ránṣọ, lókè àtẹ̀gùn tí kò níbi ìdìmú yẹn, bí ẹnì kan kò bá dé lọ́jọ́ kan, ṣé wọn á wá a, àbí wọn á kàn gbé ẹlòmíràn jókòó sídìí máṣíìnì rẹ̀?

Nítorí náà ni mo ṣe fi lẹ́tà yìí rán awakọ̀ tó ń kó aṣọ lọ sọ́dọ̀ yín. Mo ti júwe géètì aláwọ̀ ewé àti ṣọ́ọ̀bù onígíláàsì iwájú rẹ̀ fún un. Mo ní kó má fi lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ àfi ìwọ, kó kọ́kọ́ wo àpá áyọ́ọ̀nù tó wà lọ́wọ́ òsì rẹ. Bí àwọn ará Ojúde bá gbọ́n, àpá ni wọn ìbá máa béèrè, kì í ṣe afárá.

Ọ̀rọ̀ òrùlé tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, jọ̀wọ́, fi owó páànù ránṣẹ́. Bó bá pọ̀, inú mi á dùn, bó bá kéré, inú mi á dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ tó bá ti tọwọ́ rẹ wá. Má fi gba orí fóònù o, wọ́n lè tún dúpẹ́. Awakọ̀ ni kó o fún. Bàbá rẹ ní mo ń fi ìbẹ̀rù bojú tọrọ owó. Kò yé e ni. N kò tíì rí òkú tó fi owó páànù ránṣẹ́ rí.

Ẹni tó bá ní o kò sí, ojú ara rẹ̀ ni yóò fi rí ọ. Orúkọ rẹ kò ní parẹ́ níbi tí orúkọ gbé wúlò. Ibi tí wọ́n bá ti wá ọ, ibẹ̀ ni wọ́n á ti bá ọ, tìwọ ti ẹ̀rín lẹ́nu.

Mo ti fi rúlà ya àpótí kékeré kan sísàlẹ̀ yìí. N kò kọ nǹkan mìíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ọwọ́ rẹ má baà ṣèèṣì tẹ ohun tí kì í ṣe é. Fi àmì sí i, kí o dá ìwé náà padà fún awakọ̀. N kò ní béèrè afárá. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni n ó wò ó, n ó sì gbà ọ́ gbọ́.

Èmi ni ìyá rẹ, mo ṣì wà.

☐ Mo wà láàyè, Ìyá mi.