Abọ́ Ìyá Tíṣà

Bàbá mi, ẹni tí ọkàn mi ń ṣàárò,

Mo mọ̀ pé lẹ́tà yìí kò ní rọ́nà dé ibi tí ẹ wà, àmọ́ ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tó jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún. Ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ yín ṣì wà bẹ́ ẹ ṣe fi í sílẹ̀. Mo ti gbé maṣíìnì yín wọ yàrá mi, mo sì máa ń nù ún. Ẹ má bínú pé a ò ránṣọ níbẹ̀ mọ́. Oúnjẹ là ń sè níbẹ̀ báyìí.

Bí gbogbo nǹkan ṣe wọ́n nílùú lẹ́yìn tí ẹ lọ, mi ò mọ bí mo ṣe máa ṣàlàyé ẹ̀. Àwọn tá a mọ̀ pé wọ́n ń jẹun kánú ti ń mu gààrí sùn. Èmi àti Mummy Tóbi la jọ bẹ̀rẹ̀. Ẹ ò mọ̀ wọ́n. Ará Èkìtì ni wọ́n, wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Pólì, àwọn ló rẹ́ǹtì yàrá iwájú lọ́dọ̀ wa. A ra ẹ̀wà àti ọ̀dùnkún, a sè é síwájú ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Jímọ̀, a ní kí ẹni tébi bá ń pa wá jẹ. Nígbà tó yá, àwọn ará àdúgbò náà ń mú nǹkan wá. Àgbẹ̀ kan tó ń ti Òjòkú bọ̀ máa ń já iṣu sílẹ̀ fún wa. Àwọn opó ń wá, àwọn tíṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn ń wá, àwọn ọmọdé ò ṣeé kà. Tí Mummy Tóbi bá ti dá orin ṣọ́ọ̀ṣì nídìí ìkòkò, àwọn ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti mọ́ṣáláṣí dé á máa gbè é. Ẹ̀ bá rẹ́rìn-ín.

Ṣé ẹ rántí Ìyá Tíṣà, tó kọ́ mi nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀? Ẹ̀yin lẹ máa ń rán búbà wọn. Tí wọ́n bá ń kọjá, ẹ máa ń dìde nídìí maṣíìnì kí ẹ tó kí wọn. Nígbà yẹn, mo rò pé ẹ̀rù wọn ń bà yín, bó ṣe ń bà mí. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé ẹ ò rílé-ìwé lọ, pé ẹni tó ń kọ́ ọmọ yín níwèé ni ẹ ń dìde fún.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, ìyá àgbàlagbà kan wà lórí ìlà, wọ́n fi ìborùn bo orí títí kan ojú. Wọ́n na abọ́ sí mi, mo bu ẹ̀wà sí i.

“O ṣeun, ọmọ dáadáa.”

Bàbá mi, ohùn yẹn! Mi ò tíì ronú tí mo fi pariwo.

“Háà! Tíṣà wa nìyí!”

Ayọ̀ ló mú mi pariwo. Mo ti ń kúnlẹ̀ lọ nígbà tí mo rí i pé gbogbo èèyàn ti yíjú sí wọn. Wọ́n rọra gbé abọ́ náà sórí tábìlì, tòun ti ẹ̀wà inú ẹ̀, wọ́n yí padà, wọ́n lọ.

Jímọ̀ kejì, wọn ò wá. Èyí tó tẹ̀ lé e, wọn ò wá. Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Ẹ̀yin ni mo ń bi ní ìbéèrè ṣáá. Tí ẹ bá ń jẹun lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, tí ẹ ní kí ẹni tó ń kọjá wá bá yín jẹ, gbogbo wọn ló máa ń dáhùn pé á gba ibi ire. Síbẹ̀ ẹ máa ń mọ ẹni tó yó lóòótọ́ àti ẹni tí kò yó. Kí lẹ máa ń wò? Ojú wọn ni, àbí bí wọ́n ṣe ń rìn?

Nígbà tí mi ò lè mú un mọ́ra mọ́, mo bu oúnjẹ sínú kúlà, mo gba ilé wọn lọ. Mo ti múra ohun tí mo máa sọ sílẹ̀. Àgbàlá wọn mọ́ tónítóní, àmọ́ mo rí i pé eruku ti bo sítóòfù wọn.

“Oúnjẹ rèé, mà.”

“Mo ti jẹun. Á gba ibi ire.”

“Mà, a ń wá ẹni tó máa bá wa mójú tó àwọn ọmọdé tó ń wá jẹun, kó máa kọ́ wọn níwèé díẹ̀. Oúnjẹ á máa wà fún ẹni náà.”

Wọ́n wò mí bí wọ́n ṣe máa ń wò mí tí mo bá ṣi ìṣirò ṣe lójú pátákó.

“O fẹ́ fi iṣẹ́ bo ebi mi mọ́lẹ̀.”

Mo gbé kúlà náà sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi. Wọ́n jókòó.

“Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ọmọ mi tó wà n’Íbàdàn. Tó bá pè mí, mo máa ń sọ fún un pé mo ti jẹun. Gbogbo èèyàn ni mo ń sọ ọ́ fún. Ó ti rẹ̀ mí.” Wọ́n na ọwọ́ sí mi. “Ebi ń pa mí. Gbé e wá.”

Wọ́n ní kí n fọwọ́, kí n bá àwọn jẹ ẹ́. A jọ jẹ ẹ́ nínú abọ́ kan náà. Ọkàn mi kúrò lọ́dọ̀ wọn, ó wá sọ́dọ̀ yín. Lọ́dún tí ẹ lò kẹ́yìn, tí mo wà n’Ílọrin, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo máa ń bi yín lórí fóònù ni pé ṣé ẹ ti jẹun. Ẹ máa ń ní ẹ ti jẹun, ẹ ti yó. Bàbá mi, ṣé òótọ́ ni? Kí lẹ jẹ? Ta ló sè é fún yín?

Ní Jímọ̀ tó kọjá, Ìyá Tíṣà wá. Wọn ò bo ojú. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú, níbi tí gbogbo èèyàn ti lè rí wọn. Mo rí ìyá méjì tó jẹ́ pé ọmọ ni wọ́n máa ń fi abọ́ rán, àwọn náà rọra wá jókòó tì wọ́n. Mo gbé oúnjẹ fún Ìyá Tíṣà. Wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n fajú ro.

“Ta ló sè é? Ata yìí ti pọ̀ jù!”

Mummy Tóbi na ọwọ́ sókè nídìí ìkòkò bí ọmọ ilé-ìwé.

“Èmi ni, mà.”

“Òdo lo gbà!”

Ẹ̀rín gba gbogbo iwájú ṣọ́ọ̀bù. Èmi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ká tó rẹ́rìn-ín tán, Ìyá Tíṣà ti jẹ ẹ́ tán, wọ́n ti na abọ́ wọn sí mi pé kí n bu sí i.

Ọlọ́run á bá mi kẹ́ yín, Bàbá mi.

Èmi ni,
Ọmọ yín, tí inú ẹ̀ ṣì ń dùn pé tiyín lòun.