Ọpẹ́ Tí Kọ̀ǹséyé Kò Fẹ́ Gbọ́

Justine ọmọ mi,

Irọ́ ni wọ́n pa fún ọ ní Kútọnu. N kò jí ọkọ̀ akẹ́rù Kọ̀ǹséyé. Mo kàn jókòó sínú rẹ̀ ni, pẹ̀lú garawa epo mi, ní ọ̀sán gangan, n kò sì dá jókòó. Mo ka àwọn tó gun ọkọ̀ náà tẹ̀lé mi dé mẹ́tàlélógún, ìgbà tí táyà ń rì wọlẹ̀ ni mo ṣíwọ́ kíkà.

O kú iṣẹ́, o kú àjò. Ṣé ara le? Ṣé maṣín ìránṣọ rẹ ṣì ń sáré? Ọlọ́run tó mú bàbá rẹ lọ, tó fi èmi àbúrò rẹ̀ ṣe bàbá fún ọ kí irùngbọ̀n mi tó hù, kò ní jẹ́ kí abẹ́rẹ́ gún ọ lọ́wọ́. Ilé dára. Ewúrẹ́ ìyá rẹ bí mẹ́ta, ọ̀kan nínú wọn kì í gbọ́ràn rárá, wọ́n ní èmi ló fìwà jọ.

O mọ̀ pé èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣèlú wa ní Ko-Koumolou, torí mo kàwé dé kíláàsì kẹrin kí olùkọ́ tó ní kí n máa lọ. O sì mọ Mùsíyé Dieudonné tí a dìbò fún, tó ń bá àwọn òyìnbó jókòó ní ilé ìgbìmọ̀ ní Àjàṣẹ́, tí gbogbo wa ń pè ní Kọ̀ǹséyé. Ìbò tuntun ń bọ̀, nítorí náà ilé kọ̀ọ̀kan dá garawa epo kan, a tà á, a kó owó rẹ̀ fún ẹgbẹ́ pé kí wọ́n fi ṣe iṣẹ́ ìbò. Wọ́n wá ní kí n dìde níwájú gbogbo ẹgbẹ́ ní Ifangni, kí n sọ ohun tí a fi owó náà ṣe.

Ṣé o rántí bí a ṣe ń dúpẹ́ nílé wa? Ẹni tó bá ṣe ọ́ lóore, wàá dárúkọ oore náà ní gbangba, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí aráyé lè bá ọ dúpẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe. Mo kó àwọn ìwé olóǹtẹ̀ jáde, èyí tí ṣọ́ọ̀bù Kọ̀ǹséyé máa ń fún wa nígbàkígbà tí ẹgbẹ́ bá ra nǹkan, tí orúkọ rẹ̀ wà lókè. Mo rò pé kí a má baà gbàgbé ẹni tí a óò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ló ṣe ń fún wa. Mo ní ilé tí ẹgbẹ́ ń sanwó rẹ̀ fún ìpàdé, ilé Kọ̀ǹséyé ni. Bíà tí a mu, ilé ọtí Kọ̀ǹséyé la ti rà á. Aṣọ ẹgbẹ́, ṣọ́ọ̀bù Kọ̀ǹséyé. Ọkọ̀ tó gbé wa lọ sí Daagbé, ọkọ̀ Kọ̀ǹséyé, kódà nígbà tó kú sójú ọ̀nà tí àwa fúnra wa tì í délé, a san owó rẹ̀ pé. Mo ní ẹ wo ìfẹ́, ẹ̀yin èèyàn mi, ọkùnrin yìí kò jẹ́ kí ẹyọ kan nínú owó wa ṣìnà bọ́ sọ́wọ́ àjèjì! Mo ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́.

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Mo rò pé wọn ò gbọ́ ni, mo bá tún gbogbo rẹ̀ kà sókè.

Lọ́jọ́ kejì Kọ̀ǹséyé ránṣẹ́ pè mí. Ó ní mo dójú ti òun. Mo ní gbogbo ẹnu mi ni mo fi yìn yín. Ó ní bí mi ò bá dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù òun lọ́jọ́ ọjà kí n sọ pé irọ́ ni mo pa, n kì í ṣe akọ̀wé mọ́, epo ilé wa kò sì ní wọ ọkọ̀ òun, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ mìíràn kò sí tó ń lọ Àjàṣẹ́. Justine, kí n pe ara mi ní òpùrọ́ dùn mí ju ẹgba lọ. Ṣùgbọ́n epo ìyá rẹ ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nílẹ̀, mo sì fẹ́ràn ọkùnrin náà, àwòrán rẹ̀ ni mo lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn mi. Mo gbé garawa epo kan dání, mo lọ.

Mo ní mo purọ́. Mo ní ilé ìpàdé kì í ṣe ti Kọ̀ǹséyé, ilé ọtí kì í ṣe tirẹ̀, aṣọ kì í ṣe tirẹ̀, ọkọ̀ tó dúró síbí yìí kì í ṣe tirẹ̀ rárá. Kọ̀ǹséyé ń mi orí, inú rẹ̀ ń dùn. Ni Ìyá Fáyọ̀kẹ́ alágbàdo, tí ẹnu rẹ̀ ń ba gbogbo ọjà lẹ́rù, bá béèrè pé bí kì í bá ṣe tirẹ̀, tó sì jẹ́ owó epo wa ló ń san án, ṣé tiwa kọ́? Ó ní Ògúnjìnmí, kí lò ń wò, gbé garawa rẹ, à ń lọ Àjàṣẹ́! Mo gùn ún. Òun náà gùn ún. Ọjà gùn ún. Awakọ̀ bẹ́ sílẹ̀. Kọ̀ǹséyé làágùn, ó ju fìlà mọ́lẹ̀, ó ké débi pé àwọn tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì lódìkejì ààlà gbọ́, ó ní tèmi ni! Ọkọ̀ mi ni! Ilé mi ni! Ọtí mi ni! Ìyá Fáyọ̀kẹ́ kúnlẹ̀ nínú ọkọ̀, ó ní ẹ ṣeun, Mùsíyé, ohun tí ọmọ wa sọ náà nìyẹn, ẹnu ẹni tó ni ín la fẹ́ kó ti jáde. A bá rọra sọ̀ kalẹ̀.

Èmi ṣì ni akọ̀wé. Abẹ́ igi máńgòrò la ti ń ṣèpàdé báyìí, kálukú ń gbé omi tirẹ̀ wá. Má rò pé mo kẹ̀yìn sí Kọ̀ǹséyé o, òun náà ni mo máa dìbò fún, èèyàn wa ni. Mo ní kó wá bá wa jókòó lábẹ́ igi, ó ní òun ṣì ń bínú.

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ rẹ̀ kò gbé epo wa mọ́. Kẹ̀kẹ́ ni mo fi ń gbé e lọ Àjàṣẹ́, garawa kan lẹ́ẹ̀kan, rọ́bà ẹ̀yìn sì ti bẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bá mi wá owó rọ́bà méjì àti pọ́ǹpù, kí o fi rán Marthe ọmọ àdúgbò wa tó bá ń bọ̀ wá sílé.

Ọlọ́run yóò fún ọ ní ilé, yóò fún ọ ní ṣọ́ọ̀bù, yóò fún ọ ní ọkọ̀ tó bá wù ọ́. Ohunkóhun tí o bá ní, wàá lè pè é ní tìrẹ lójú ọjà, láìlàágùn.

Èmi bàbá rẹ kékeré,
Ògúnjìnmí