Ìyá Táíwò Wo?

Ìyá Táíwò, ọ̀rẹ́ mi,

Ìtọ́jú dára ní Ìbàdàn níbí. Ẹsẹ̀ mi ń sàn, má dààmú. Mùnírátù ọmọ ọmọ mi kọ ohun tí o sọ nípa títọ́ ìbejì sínú iṣẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì. Ó ní Ìyá Táíwò ará Igbó-Ọrà ló sọ ọ́. Olùkọ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín: "Ìyá Táíwò wo nínú wọn? Kọ orúkọ rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ n kò ní gbà á."

Ọmọ náà bi mí ní orúkọ rẹ. Láti ìgbà tí a ti ń ṣọ̀rẹ́, n kò mọ orúkọ rẹ!

Jọ̀wọ́, fọwọ́ ara rẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ kí Jímọ̀ tó dé, bí wọ́n ṣe kọ́ wa níbi ẹ̀kọ́ àgbà. Bá mi kí àwọn ìbejì.

Orúkọ tèmi ni Sìfáwù.